Ohùn Ìkòkò Àjàgbọn

Iṣẹ́ ẹnu ni Yadugiri ń ṣe. Ní ilé ìwádìí oúnjẹ kan ní ìlú Mysuru, ní Íńdíà, lẹ́yìn àwọn igi ńláńlá tí àwọn àdán sọ di ilé, ó máa ń jókòó sínú àpótí pákó kan tó dà bí ibi ìdìbò. Wọ́n á ti abọ́ kékeré wọlé sí i láti ojú fèrèsé, á tọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀ wò, á tu ú dà nù, á fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ yọ ẹnu, á sì sọ ohun tí kò dáa nínú rẹ̀. Ẹni tó mọ adùn pọ̀ ní ìlú. Ẹni tó lè sọ pé òróró yìí ń bàjẹ́ kí ó tó bàjẹ́ tán ni wọ́n ń wá.

Iṣẹ́ náà ní èèwọ̀ tirẹ̀. Kò gbọdọ̀ mu kọfí kó tó wọlé láàárọ̀. Kò gbọdọ̀ fi ìpara olóòórùn para. Òdòdó jásímínì tí àwọn obìnrin Mysuru ń fi sí irun, ó gbọ́dọ̀ tú u kúrò lórí, kó fi kọ́ ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn, kí òórùn rẹ̀ má bàa dàrú mọ́ ti inú abọ́. Ẹni tó bá gba ibẹ̀ kọjá lówùúrọ̀ á rí òdòdó àwọn obìnrin náà tí wọ́n so rọ̀ lára ògiri, bí ẹni pé orí tó ni wọ́n ti sá lọ.

Nílé, ẹnu kan náà kì í tọ́ ohunkóhun wò. Ìdílé tí wọ́n ti ń se oúnjẹ fún òrìṣà ni wọ́n bí Yadugiri sí, nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń dáná kì í fi ọbẹ̀ kan ahọ́n kí Olúwa tó jẹ. Ohun tí ahọ́n ènìyàn bá ti kàn ti di àjẹkù, ta ni yóò sì gbé àjẹkù ara rẹ̀ fún ọba? Ojú ló fi ń wọn iyọ̀. Tó bá sè é tán, á gbé díẹ̀ síwájú ère kékeré tó wà lórí pẹpẹ, á dúró díẹ̀, kí àwọn ará ilé tó jẹun.

Sampath, ọkọ rẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ojú irin ṣe, kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà sùn.

"Obìnrin tó ń tọ́ oúnjẹ gbogbo Íńdíà wò, tèmi nìkan ni kì í tọ́ wò. Iyọ̀ ti pọ̀ jù lónìí o."

"Ẹ lọ sọ fún Olúwa. Òun ló kọ́kọ́ jẹ ẹ́, kò sì ráhùn."

"Òun kò ní ẹ̀jẹ̀ ríru."

Bàbá rẹ̀, Singarachar, ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ní Ballekere, ìletò kan tí bọ́ọ̀sì ń dé láti Mysuru kí kọfí inú fláàsìkì tó tutù, tẹ́ńpìlì Narasimha, òrìṣà olórí kìnnìún, wà lórí òkúta. Bàbá náà ló ń se puliyogare ibẹ̀, ìrẹsì tí wọ́n fi ọbẹ̀ àjàgbọn pò. Bàbá tó bí i lọ́mọ ló se é ṣáájú rẹ̀, bàbá àgbà sì se é ṣáájú ìyẹn. Àjàgbọn, ata gbígbẹ, ẹ̀pà, ṣúgà ìrèké dúdú àti òróró yànmọ̀tí ni wọ́n ń sè pọ̀ nínú ìkòkò idẹ ńlá, títí omi yóò fi gbẹ, tí òróró yóò sì léfòó.

Tí Singarachar bá ń sè é, á fi aṣọ funfun di imú àti ẹnu, nítorí imú pàápàá kò gbọdọ̀ ṣáájú Olúwa. Kì í sọ̀rọ̀, kí itọ́ má bàa ta sí i. Ìdáná náà ṣókùnkùn, èéfín sì pọ̀, ojú kò fi bẹ́ẹ̀ wúlò níbẹ̀. Etí ló kù.

Yadugiri mọ ohùn ìkòkò yẹn kí ó tó mọ ìwé kà. Obìnrin kì í wọ ìdáná tẹ́ńpìlì náà, òun sì ni ọmọ kan ṣoṣo tí bàbá rẹ̀ bí, nítorí náà orí òkúta ẹnu ọ̀nà ló máa ń jókòó sí, tí á na ẹsẹ̀ síta. Nígbà tí omi bá ṣì pọ̀, ìkòkò á máa wí pé gbúdú-gbúdú bí àgbàlagbà tó ń fi omi yọ ẹnu. Tó bá ti ń ki, á di pọ̀kọ̀, pọ̀kọ̀, á sì máa ta síni lára. Lẹ́yìn náà gbogbo rẹ̀ á rọlẹ̀, ohùn kan tó tín-ín-rín á jáde, ṣìììì, bí òjò tó ń rọ̀ sórí ewé gbígbẹ lókèèrè. Ìgbà yẹn ni bàbá rẹ̀ máa ń ní kí wọ́n gbé e kúrò lórí iná. Nígbà tó dàgbà tó lọ kọ́ ìmọ̀ oúnjẹ ní yunifásítì, tó wọ aṣọ funfun, tó sì ní ìdáná tirẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò lè lé e jáde nínú rẹ̀, ohùn yẹn ṣì wà létí rẹ̀.

Gbogbo Ballekere ló gbà pé Singarachar kò ṣì í sè rí. Ṣùgbọ́n ta ló mọ̀? Kí wọ́n tó gbé e síwájú Olúwa, èèwọ̀ ni láti tọ́ ọ wò. Tí wọ́n bá ti gbé e kúrò níbẹ̀, ó ti di prasada, àjẹkù Olúwa, ẹni tó bá sì sọ pé àjẹkù Olúwa kò dùn, ara rẹ̀ ló ń bú. Ṣáájú, a kò gbọdọ̀ mọ̀. Lẹ́yìn, a kò gbọdọ̀ wí. Láàárín méjèèjì, alásè kan lè máa ṣì í sè títí kí ẹnikẹ́ni tó lanu. Yadugiri, tó jẹ́ pé ìbéèrè ni iṣẹ́ rẹ̀, kò bi ara rẹ̀ ní èyí rí, àfi ọjọ́ tí Narasegowda wá.

Narasegowda ni alága ìgbìmọ̀ tẹ́ńpìlì náà. Àgbẹ̀ ìrèké ni, ọkùnrin onírunmú ńlá, tó máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń pe màlúù láti oko kejì. Ó wọ ọ́fíìsì Yadugiri, ó da àpò kan dé orí tábìlì. Ọ̀rá kéékèèké tí wọ́n ya àwòrán Narasimha sí ló tú jáde. Láti ọdún tó kọjá ni tẹ́ńpìlì ti ń di ọbẹ̀ àjàgbọn náà sínú ọ̀rá, kí àwọn olùjọ́sìn tó wà ní Bengaluru àti lókè òkun lè fi po ìrẹsì nílé wọn. Àwọn tó wà lórí tábìlì yìí ti wú bí ikùn ọ̀pọ̀lọ́.

"Màdáámù, ẹ wò ó! Ọ̀kan bẹ́ lu àlùfáà kan lára níwájú ilé rẹ̀. Ọkùnrin náà ní láti tún wẹ̀."

"Ẹ jókòó ná, bàbá."

"Mi ò jókòó. Tí mo bá jókòó níbí, ẹ ó fún mi ní nǹkan tọ́ wò."

Yadugiri rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà kò rẹ́rìn-ín. Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, èyí tó túmọ̀ sí pé àwọn tó wà ní yàrá kejì nìkan ló lè gbọ́ ọ.

"Ọ̀rọ̀ yìí ti dé ìgbìmọ̀. Varada, ọmọ àbúrò bàbá yín, ń sọ kiri pé òun ní ìkòkò tó ń lo iná mànàmáná, tó ń ro ara rẹ̀. Tí ilé ìwádìí bá sọ pé ọ̀rá ló fà á, a ó pààrọ̀ ọ̀rá, ó parí. Tí wọ́n bá sọ pé inú ìkòkò ni, wọ́n á gba ìkòkò lọ́wọ́ bàbá yín kí ọdún Dasara tó dé. Ẹni tí wọ́n bá gba ìkòkò lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ orí yẹn, kí ló kù fún un?"

"Kí wá lẹ fẹ́ kí n ṣe?"

"Mi ò sọ pé kí ẹ ṣe nǹkan kan." Ó fọwọ́ pa irunmú rẹ̀. "Ṣùgbọ́n ọ̀rá òde òní kò dáa, àbí ẹ̀yin rò pé ó dáa?"

Naseema Banu, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ló kọ́kọ́ gbọ́. Naseema ló ń ṣe olórí yàrá ooru, níbi tí wọ́n ń kó oúnjẹ inú ọ̀rá sí kó lè tètè gbó, kí wọ́n lè mọ̀ kíákíá ohun tí ojú rẹ̀ á rí ní oṣù púpọ̀.

"Gbé e fún ẹlòmíì, Yadu."

"Ta ni ẹlòmíì? Ìwọ ni ẹlòmíì."

"Ó dáa. Èmi á wọn omi inú ọbẹ̀. Ìwọ yẹ ọ̀rá wò. Kí aráyé má wí pé ọmọ ló dájọ́ bàbá rẹ̀."

Yadugiri yẹ ọ̀rá náà wò bí ìyá ọkọ tó ń wá ẹ̀sùn sí ìyàwó lẹ́sẹ̀. Ó fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú èyí tó ṣófo, ó tẹ̀ ẹ́ rì sínú omi, ó ń retí kí omi hó. Omi kò hó. Ó fa ojú ìdè rẹ̀, kò ya. Ó mú òmíràn láti inú ìdì mìíràn, bákan náà ló rí. Ọ̀rá gidi ni. Ó dùn ún pé ọ̀rá gidi ni.

Nígbà tí Naseema dé ẹnu ilẹ̀kùn, kò mú àwàdà kankan dání.

"Omi ti pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ìwúkàrà ti rí ibùgbé. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ o. Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ dì lọ́dún tó kọjá gbẹ dáadáa. Láti ìgbà yẹn ló ti ń tutù sí i díẹ̀díẹ̀."

"Bóyá igi ìdáná wọn ló tutù."

"Bóyá."

"Bóyá àjàgbọn ọdún yìí lómi nínú."

"Yadu, ìwọ lo kọ́ mi pé tí 'bóyá' bá ti di méjì, kí n dìde lọ wo ibi tí wọ́n ti ń sè é."

Lọ́jọ́ Sátidé, Yadugiri wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Ballekere. Ó jókòó sórí òkúta ẹnu ọ̀nà tí ìdí rẹ̀ ti mọ̀ láti kékeré. Nínú èéfín, bàbá rẹ̀ dúró ti ìkòkò pẹ̀lú aṣọ ní imú, ó rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀pá ìtilẹ̀. Àwọn ọkùnrin méjì tó ń bá a gbé ìkòkò dúró sẹ́yìn. Ìkòkò ń wí pé gbúdú-gbúdú. Yadugiri di ojú. Ó pẹ́, ó di pọ̀kọ̀, pọ̀kọ̀. Ó ń dúró de òjò orí ewé.

Nígbà tó la ojú, bàbá rẹ̀ ti na ọwọ́ sí àwọn ọkùnrin méjì náà pé kí wọ́n gbé e. Ìkòkò ṣì ń wí pé pọ̀kọ̀.

"Appa, ó kù díẹ̀!"

Ó ti jáde lẹ́nu rẹ̀ kó tó mọ̀. Àwọn ọkùnrin náà yíjú padà. Bàbá rẹ̀ kò yíjú. Ó tún pè é, ohùn rẹ̀ lọ sókè débi tí ẹyẹlé orí òrùlé fi fò. Singarachar ń wo ìkòkò náà pẹ̀lú ojú tútù, bí ẹni tó ń gbọ́ ohun tó tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin náà wo Yadugiri, ó sì sáré wolẹ̀. Ó hàn pé wọ́n ti mọ̀.

Lẹ́yìn tí Olúwa ti jẹun, bàbá àti ọmọ jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú puliyogare lórí ewé. Ó dùn. Ìyẹn ló bí Yadugiri nínú jù. Lórí ewé, pẹ̀lú ìrẹsì tó ṣì gbóná, kò sí aléébù kan tí ẹnu rẹ̀ tó ti gba ẹ̀kọ́ lè rí àfi pé ó rọ̀ díẹ̀.

"Appa, ẹ ò gbọ́ mi nígbà tí mo pè yín."

"Mo gbọ́. Èmi kì í dáhùn ní ìdáná."

"Kí ni mo wí?"

Bàbá náà ká ewé rẹ̀ sí méjì, ó tún un ká.

"O ti ń dán mi wò bí àwọn abọ́ rẹ."

"Appa, láti ìgbà wo?"

"Ohùn àwọn ẹyẹ ló kọ́kọ́ lọ. Lẹ́yìn wọn ni agogo ọwọ́ àlùfáà. Mo rò pé ìkòkò kò ní lọ."

Yadugiri mú tẹmomítà jáde láti inú àpò rẹ̀, ọ̀pá irin gígùn kan tí nọ́ńbà wà lójú rẹ̀. Ó ti rò ó nínú bọ́ọ̀sì, ó sì dá a lójú pé ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Bàbá rẹ̀ kò fọwọ́ kàn án.

"Ẹnu ta ló ti kàn án?"

"Tuntun ni. Irin kì í jẹun, Appa. Kò mọ̀ bóyá nǹkan dùn tàbí kò dùn. Ooru nìkan ló mọ̀. Tí omi bá ṣì wà nínú ọbẹ̀, nọ́ńbà yẹn á lọ́ra. Tí omi bá ti ń tán, á máa gòkè, ẹ ó sì fi ojú yín rí i."

Bàbá náà wá gbà á. Ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó gbé e sún mọ́ ojú. "Ó dáa gan-an ni," ni ó wí, ó sì dá a padà fún un. "Tí irin yìí bá lè sọ ọ́, Varada náà lè sè é."

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀."

"Ẹnikẹ́ni tó bá ti mọ nọ́ńbà kà lè sè é. Kí wá ni wọ́n fẹ́ fi èmi ṣe?"

Bàbá rẹ̀ wo ojú ọ̀nà, níbi tí kò sí ẹnikẹ́ni.

"Ọ̀rá yẹn tinrín," ni ó wí. "Mo ti ń rò ó tẹ́lẹ̀ pé ó tinrín."

Nínú bọ́ọ̀sì tó gbé e padà, Yadugiri ro irọ́ náà dáadáa, bí ó ti máa ń ro ohun gbogbo. Irọ́ tó rọrùn ni. Gbogbo ènìyàn ló fẹ́ ẹ: alága fẹ́ ẹ, bàbá fẹ́ ẹ, ẹni tó ń ta ọ̀rá nìkan ni kò ní fẹ́ ẹ. Wọ́n á ra ọ̀rá tuntun tó nípọn, ọ̀rá tuntun náà á sì wú. Kó tó wú, ọmọ ẹnì kan ní Bengaluru á ti jẹ nínú rẹ̀.

Bọ́ọ̀sì yà sí ọ̀nà òkè Chamundi kí èrò kejì tó sọ sí i lọ́kàn. Ta ló ní kí ọbẹ̀ yẹn wà nínú ọ̀rá títí di oṣù mẹ́ta? Ìkòkò bàbá àgbà kò fi oúnjẹ sílẹ̀ di ọ̀sán rí. Wọ́n á sè é láàárọ̀, Olúwa á jẹ, ènìyàn á jẹ, wọ́n á fọ ìkòkò. Omi tó jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ nínú ọ̀rá kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ lórí ewé. Ó fura sí èrò yìí, nítorí pé ó tù ú lára jù. Ó bi ara rẹ̀ bóyá òun á rò ó tó bá jẹ́ bàbá Varada ni, ó sì gbà pé òun kì bá tí rò ó. Ṣùgbọ́n òótọ́ kì í di irọ́ nítorí pé ọmọ ẹni tó kàn ló rò ó. Ó tún un yẹ̀ wò títí bọ́ọ̀sì fi dúró, kò rí ibi tó ti ń jò.

Nínú gbọ̀ngàn olópòó tẹ́ńpìlì ni ìgbìmọ̀ ti jókòó. Varada wà níbẹ̀ pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n lọ̀ dáadáa. Singarachar jókòó sídìí òpó kan, ó ń wo ẹnu àwọn ènìyàn.

"Ọ̀rá kò ní àbùkù," ni Yadugiri wí. "Ọbẹ̀ ni kò gbẹ tó. Bàbá mi kò gbọ́ ohùn ìkòkò mọ́."

Narasegowda di ojú bí ẹni tí wọ́n gún lábẹ́rẹ́.

"Mo ti wí," ni Varada wí.

"O kò tíì wí nǹkan kan, Varada. Èyí tí wọ́n ń jẹ lójúmọ́ ńkọ́? Ṣé ó ti ṣe ẹnikẹ́ni ní ibi rí? Oúnjẹ òòjọ́ ni bàbá mi mọ̀ ọ́n sè. Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ di oúnjẹ tó ń wọ ọkọ̀ òfuurufú. Ẹ ya ìkòkò méjèèjì sọ́tọ̀. Èyí tó ń lọ sínú ọ̀rá, kí Varada sè é, kó sì fi tẹmomítà sí i. Èyí tó ń lọ síwájú Olúwa, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín."

"Tí kò bá sì jinná ńkọ́?" ni ẹnì kan bi.

"Ta ló máa sọ bẹ́ẹ̀?" ni Narasegowda bú ramúramù. "Ìwọ? Wàá bú àjẹkù Olúwa?" Ohùn rẹ̀ lu òpó, ó tún padà wá. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fẹnu kò sí i, bóyá nítorí pé ó bọ́gbọ́n mu, bóyá nítorí pé ọkùnrin náà pariwo.

Singarachar ti dìde. Ó ti rí ọ̀rọ̀ náà lójú wọn. Ó gba ẹ̀gbẹ́ ọmọ rẹ̀ kọjá, kò wò ó.

Ọdún Dasara dé. Àwọn erin gba ìgboro kọjá pẹ̀lú ìtẹ́ wúrà lẹ́yìn. Lọ́dọọdún, bàbá náà máa ń wá wò wọ́n láti òrùlé ilé Sampath, á sì máa ráhùn pé erin ọdún tó kọjá tóbi jù wọ́n lọ. Lọ́dún yìí kò wá. Sampath gbé àga bàbá náà gun òrùlé bó ti máa ń ṣe, ó sì gbé e sọ̀ padà. Lọ́dọ̀ Naseema, nínú yàrá ooru, àwọn ọ̀rá tí Varada dì wà lórí pẹpẹ, wọn kò wú. "Ó ń sè é dáadáa," ni Naseema wí, ó rọra wí i, bí ẹni tó ń kéde òkú.

Lẹ́yìn tí ọdún Dasara parí, Yadugiri lọ sí Ballekere láìránṣẹ́ ṣáájú. Ó jókòó sórí òkúta rẹ̀. Nínú ìdáná, ìkòkò kékeré ló wà lórí iná, bàbá rẹ̀ sì dúró tì í pẹ̀lú aṣọ ní imú. Nígbà tí ìkòkò ń wí pé pọ̀kọ̀, pọ̀kọ̀, ó ní kí wọ́n gbé e. Yadugiri kò pariwo.

Àwọn olùjọ́sìn tò sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, wọ́n ń dúró de prasada. Nígbà tí ó kàn án, kì í ṣe ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin yẹn ló gbé ewé wá fún un. Bàbá rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló dé ẹnu ọ̀nà, ó ti fa aṣọ imú rẹ̀ sílẹ̀ sí ọrùn. Ó gbé ewé náà lé e lọ́wọ́. Kò lọ. Ó dúró ń wò ó bó ṣe ń jẹ ẹ́.

"Báwo ni?"

Yadugiri dúró pẹ̀lú oúnjẹ lẹ́nu. Kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni béèrè ìyẹn rí ní ibi yìí. A kì í bi ènìyàn bẹ́ẹ̀ nípa prasada.

"Ó kù díẹ̀ kí ó gbẹ, Appa."

"Kí lo wí?"

"Mo ní ó kù díẹ̀."

Ó tẹ etí sí i. "Hẹ̀n?"

"Ó KÙ DÍẸ̀ KÍ Ó GBẸ!"

Gbogbo àwọn tó tò sí ẹ̀gbẹ́ ògiri yíjú padà. Obìnrin kan fi etí aṣọ rẹ̀ bo ẹnu. Singarachar mi orí, ó ṣe sùúrù mi í, bí ẹni tó gba ohun tó rán ènìyàn lọ rà.

"Mo ti gbọ́. Kí ló dé tí o ń pariwo nínú ilé Olúwa?"

Ó fa aṣọ rẹ̀ padà sí imú, ó wọ inú èéfín lọ. Yadugiri tẹrí ba sórí ewé rẹ̀, ó ń jẹun lọ, kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Kò pẹ́ tí orí bàbá rẹ̀ tún yọ lẹ́nu ọ̀nà.

"Iyọ̀ ńkọ́?"